Ọta Tí Papa Okoli Pè

Òórùn àdín ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe òórùn àkàrà, kì í sì í ṣe ti sìmẹ́ǹtì tó máa ń wà lára aṣọ bàbá mi. Àdín gbígbóná ni, dúdú, tó ń rùn bí ìgbà tí nǹkan ń jóná nílé ẹlòmíràn. Yàrá kan la háyà ní Woliwo, ní Onitsha, nínú agbo ilé Papa Okoli, ògiri wa sì fara kan tirẹ̀. Bí bàbá arúgbó náà bá ti gbé ìkòkò kékeré rẹ̀ kaná, mo mọ̀ pé ó ti sọ awọ rẹ̀ kalẹ̀ lára ògiri nìyẹn, ó fẹ́ fi àdín pa á kó má baà gbẹ kó sì là. Màá ti bọ́ síta kí ìyá mi tó rí mi rán níṣẹ́.

Awọ ni mo ń pè é. Ohun tó jẹ́ gan-an ni asà, irú èyí tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ fi ń bo ara wọn. Wọ́n hun igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀, wọ́n wá na awọ ẹfọ̀n bò ó lójú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pe asà létí mi nígbà náà? Bíríkìlà ni bàbá mi, ìyá mi ń dirun. Kò sí asà nínú iṣẹ́ méjèèjì. Awọ ni mo rí, awọ ni mo pè é, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Inú ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, kí ẹ yáa mọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń rántí ìgbà èwe, ẹ̀rín ni wọn yóò máa rín. Tèmi dùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀sán náà ni mo sì fẹ́ sọ. Mi ò mọ̀wé. Ìwé márùn-ún ni mo kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ka ìkẹrin. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ìjà ni, ẹ lọ béèrè láti Woliwo dé Omagba, ẹ gba Nkpor kọjá, kò sí ẹni tó kàwé jù mí lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Onitsha lásìkò náà, ẹ ó rántí bí ìlú ṣe rí. Ogun ti parí, ṣùgbọ́n ihò ìbọn ṣì wà lára ògiri. Ibi tí afárá Odò Ọya ti já, irin ni wọ́n fi dí i, bí mọ́tò bá sì ti gun irin náà, ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀ gbálagbàla dé ọ̀nà ọjà. Owó epo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn lánàá ti ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nítorí àwọn ilé wọ̀nyí ni bàbá mi fi kó wa wá láti Ìsẹ́yìn nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀gá Mésìn ni wọ́n ń pè é, kò sì mọ ògiri kan rí tó wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ, láàárọ̀ kí a tó jáde, lálẹ́ bí a bá jókòó ti oúnjẹ: "Ilé onílé la wà." Bí mo bá rẹ́rìn-ín jù, ilé onílé la wà. Bí ìyá mi bá ná ẹja dójú ẹ̀, ilé onílé la wà. Mo kórìíra gbólóhùn náà. Mo ṣì kórìíra rẹ̀.

Òun náà ló kọ́kọ́ kọ́ mi níjà. Ìjà ẹ̀kẹ ni, lórí yanrìn tí wọ́n bá já sílẹ̀ níbi iṣẹ́, lẹ́yìn tí àwọn lébírà bá ti lọ. Yóò ká ṣòkòtò dé orúnkún, yóò ní, "Má wo ojú mi. Ojú máa ń parọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kí o wò." Yóò wá dá mi mọ́lẹ̀ bí ẹni da páànù sìmẹ́ǹtì nù. Ọdún kan ló fi ń dá mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé òun náà ṣubú, ó dìde, ó gbọn yanrìn orí rẹ̀, ó sì ra súyà fún mi lọ́nà ilé.

Lẹ́yìn náà ni kàráté. Ẹ rántí bí fíìmù àwọn ará Ṣáínà ṣe gba ìgboro nígbà náà, tí gbogbo ọmọkùnrin ń ké bí ológbò, tí wọ́n ń ta ara wọn nípàá lójú ọ̀nà ilé ìwé. Gbọ̀ngán ilé ìwé kan wà lọ́nà Omagba tí ogun ti ká òrùlé rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọkùnrin ayafọ́tò kan tí a ń pè ní Máásítà ti ń kọ́ wa. Ìwé kan ló ní, àwòrán àwọn ará Japan ló kún inú rẹ̀, ibi tí ìwé náà bá sì ti fàya, Máásítà a fi bọ́ọ̀sìn, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn òyìnbó, dí i. Bó ti ń kà á ni a ń jẹ́ ẹ, "íchì, ní, sán," bí ọmọ kéwú. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó mọ ohun tí à ń pè. "No ask me wetin e mean," ni Máásítà máa ń wí. "Obey." A sì ń gbọ́ràn. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ti ń fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ pákó òrùlé, mo sì fi ọwọ́ lásán fọ́ búlọ́ọ̀kù bàbá mi méjì. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n Papa Okoli ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ikọ́ sì ń da á láàmú, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Obinna, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ mi ni. "Ofe Mmanụ" ló ń pè mí, torí wọ́n ní epo ọbẹ̀ àwa Yorùbá pọ̀ jù. Èmi náà ń pè é ní Orúnkún Ewúrẹ́, ó sì tọ́ sí i. Ọjọ́ kan ni mo dá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú Papa. Bàbá náà fọwọ́ pè mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Nwa Yoruba," ó ní, "bịa." A kò tíì pẹ́ nílùú nígbà yẹn, Igbo mi kò tó nǹkan. Mo sáré lọ, mo na ọwọ́, mo rò pé bíà ló fẹ́ bù fún mi mu nítorí pé mo borí. Obinna rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wá ni bàbá ní kí n wá. Gbogbo agbo ilé ń pè mí ní Bíà fún bí oṣù mẹ́ta.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èmi àti Obinna nìyẹn, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìnkùlé. Bàbá mi máa ń ṣàlàyé, Máásítà máa ń pariwo. Igi ni Papa fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ tí kò ní irin lórí ló kọ́kọ́ fún wa, ọparun lásán, ó ní kí a gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí ọwọ́ fi kú. Ó fún wa ní àdá tí kò mú. Ó ń mú wa rin ẹ̀yìn-ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tí ó da omi sí, bí ẹsẹ̀ bá sì yọ̀, igi dé orúnkún. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, yóò gbé awọ fún mi, yóò máa ju òkúta wẹ́wẹ́ lù mí, kí n máa fi awọ gbà á. Ìró òkúta lára awọ náà, mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó o.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìnkùlé náà. "Ube" ni ọ̀kọ̀. "Mma" ni àdá. Àwọn méjèèjì yé mi torí ó máa ń na ọwọ́ sí wọn. Ẹ̀kẹta ni "ọta". Kò na ọwọ́ sí nǹkan kan fún ìyẹn. Yóò kàn wò mí, yóò gbé igi sókè, yóò ní "ọta," yóò sì máa bọ̀. Kí ni ọmọ Ìsẹ́yìn yóò gbọ́ nínú ìyẹn? Ọ̀tá ni mo gbọ́. Mo rò pé ńṣe ló ń fi mí ṣe ẹni pàtàkì, tó lọ wá ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa láti fi kọ́ mi. Ọ̀tá rèé, ọ̀tá ń bọ̀. Èmi a gbé awọ síwájú, màá fi èjìká tì í, màá wọlé sí i lára. Papa a mi orí pé ó dára. Ohun tó ń fẹ́ ni kí n gbé awọ bo ara, mo sì gbé e. Ti pé mo ń lọ síwájú pẹ̀lú rẹ̀, ó kà á sí ìgboyà. Ó ju ọdún kan lọ tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ Igbo bí ọmọ onílé nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń ra asà lọ́jà?

Nígbà tí ọdún iṣu tuntun ń bọ̀, Papa sọ fún wa pé òun ti darúgbó, òun kò lè gbé awọ náà jó níwájú àwọn àgbà abúlé òun mọ́. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni yóò gbé e ṣíwájú òun. Ẹni tó bá sì gbé e lọ́dún yìí, tirẹ̀ ni títí láé. Ó ní òun yóò dán wa wò ní Sátidé kan, lójú àwọn àgbà mẹ́ta láti abúlé. Obinna ní, "Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, Papa." Bàbá náà ní, "Ọwọ́ ni mò ń wò."

Mi ò fẹ́ nǹkan kan láyé yìí bí mo ti fẹ́ awọ náà. Mi ò lè jẹun. Mi ò lọ sọ́dọ̀ Máásítà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń rí ara mi níwájú àwọn àgbà náà, èmi ọmọ Ọ̀gá Mésìn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ọmọ ta nìyí.

Ọjọ́ náà dé. Bàbá mi ti lọ síbi iṣẹ́. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn obìnrin agbo ilé dúró lẹ́yìn wọn. Papa fún wa ní àdá gidi lọ́jọ́ yẹn, torí ojú àwọn àgbà. Òfin kan ló wà: àdá kò gbọdọ̀ kan ohunkóhun ju ohun tí ẹnì kejì fi bo ara lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba awọ. Obinna gbé èyí tí a fi ń kọ́ṣẹ́, tí Papa fi ọparun hun bí atẹ, tó fi okùn ṣe ibi tí a ti ń dì í mú. Bó bá yá, a ó pààrọ̀.

A kò pààrọ̀. Mo dára lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí. Mo ń wo ẹsẹ̀ Obinna bí bàbá mi ti kọ́ mi, gbogbo ibi tó fẹ́ lọ ni mo ti ń dé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Mo wà lẹ́yìn awọ, orí mi tẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mò ń rí. Mi ò rí i pé okùn ọwọ́ rẹ̀ já, pé ọparun náà ti bọ́, pé kò sí nǹkan kan níwájú apá rẹ̀ mọ́. Papa rí i. Ó dìde, ó pariwo, èmi tí mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí: "Ọta. Ọta, ọta."

Mo lọ bá ọ̀tá.

Àdá náà gba apá Obinna láti òkè ọrùn ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgúnpá. Kò sunkún. Ó wo apá náà, ó wò mí, ó ní, "Kamo," bó ti máa ń gé orúkọ mi, Kàmọ́rù, kúrú, bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin ló gbé e, wọ́n fi ìró di apá rẹ̀, wọ́n sáré lọ sí ọsibítù. Wọ́n rán an, ó sì sàn, kí ẹ má bàa dààmú. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

Papa wá dúró níwájú mi. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ní Igbo bóyá mi ò gbọ́ ni. Mo ní mo gbọ́. Òótọ́ ni mo sọ. Mo gbọ́ ọ ketekete, ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ó gbọ́, ó sì gé e." Obìnrin kan lẹ́yìn wọn ní ta ló ní kí wọ́n háyà yàrá fún Ofe Mmanụ, pé ohun tí àwọn Yorùbá ṣe fún àwọn nígbà ogun kò tíì tó wọn. Mi ò bá obìnrin yẹn bínú títí dòní. Ogun ti gba ọmọkùnrin méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí mò ń bá bínú dé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì ní bàtà rẹ̀. Wọ́n ti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàámi, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀tá ló pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè é."

"Awọ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn," bàbá mi ní, "òun ni wọ́n ń pè ní ọta."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ilé olóyè kan tí mo rẹ́ ní Nkpor, ó gbé irú ẹ̀ kọ́ sára ògiri."

Ó yé mi pé Papa ń sọ fún mi pé okùn ọta Obinna ti já, kí n dúró. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ṣàlàyé fún wọn nígbà náà."

"Ká ṣàlàyé kí ni? Ká ní bàbá àgbàlagbà kò mọ bí a ṣe ń pe nǹkan bàbá ẹ̀? Ká ní èdè ló gé ọmọ wọn lápá? Wọ́n á ní à ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, lórí ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ilé onílé la wà, Kàmọ́rù. Wàá dọ̀bálẹ̀, wàá ní inú ló bí ọ, wàá ní iṣẹ́ èṣù ni. Wọ́n á bínú, wọ́n á sì dárí jì ọ́. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn."

"Inú ò bí mi, Bàámi."

"Mo ní inú bí ọ."

A lọ. Papa jókòó níwájú ilé rẹ̀, awọ náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ ní Igbo dídàrú tó máa ń sọ, pé ọmọdé ni, pé inú ló bí i. Papa gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wo ojú mi.

Ọ̀nà ti là nìyẹn. Ó fún mi láàyè. Gbogbo ohun tí mo nílò ni kí n ní, Papa, ní èdè wa, ọ̀rọ̀ tí ẹ pè yẹn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó jẹ́. Bàbá mi fi ìgúnpá tọ́ mi ní ìhà. Mo wá sọ ọ́, ní Igbo tó já gaara jù tí mo sọ láti ìgbà tí a ti dé ìlú náà: inú ló bí mi, mo fẹ́ gé e, ẹ dárí jì mí.

Papa fẹ̀yìn ti àga padà. Kò bínú, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó dàbí ẹni tí nǹkan já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó ti tán. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ títí ó fi kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Obinna ló gbé awọ náà jó lọ́dún iṣu tuntun, pẹ̀lú báńdéèjì lápá. Wọ́n ní ó jó o dáadáa. Irọ́ ni, mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, bàbá mi kó wa lọ sí Nkpor.

Ẹ wò mí báyìí. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kàráté mi kò ní ẹlẹ́gbẹ́ ní ìhà ibí yìí. Ọkùnrin mẹ́ta ló ti dojú kọ mi lẹ́ẹ̀kan ní gáréèjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ọsibítù lọ. Àwọn báńkì ń kó àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn wá bá mi kí n kọ́ wọn. Ọwọ́ mi ló kọ́ wọn, mi ò lo ìwé aláwòrán. Ẹni tó bá wọ ọ̀dọ̀ mi, kò ní ju ẹ̀ṣẹ́ kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màá pe gbogbo ọ̀rọ̀ tí màá máa fi pàṣẹ fún un, màá ní kó sọ fún mi ohun tó gbọ́, ní èdè ìyá rẹ̀. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Obinna ń ta páàtì mọ́tò, kò jìnnà sí ibi tí mo wà. Bí a bá pàdé, "Kamo" ló ṣì ń pè mí, ó sì máa ń fi apá náà gbá mi mọ́ra. Mi ò tíì sọ fún un. Bí mo bá sọ pé n kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé e, ó di dandan kí n sọ pé mo parọ́ fún bàbá àgbà rẹ̀ lójúkorojú nígbà tó bẹ̀ mí pé kí n sọ òótọ́. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo máa ń sọ̀rọ̀ owó epo pẹ̀lú rẹ̀, màá sì bá tèmi lọ.

Bàbá mi ti kú. Mo sin ín bó ti yẹ kí ọmọkùnrin sin bàbá, síbẹ̀ ìjà èmi àti òun kò tíì parí. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ló ń dáàbò bò, mo mọ̀, mo ti bímọ. Kò dín ìbínú mi kù. Ṣùgbọ́n ìgúnpá rẹ̀ kọ́ ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi ni. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń fọ́ búlọ́ọ̀kù, tó ti gbé bàbá rẹ̀ ṣubú, tó mọ ọ̀kọ̀, tó mọ àdá, kò lè la ẹnu sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ òótọ́ fún arúgbó tó jókòó tó ń retí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà wá síwájú mi lónìí, ní dídọ̀bálẹ̀ bó ti wà yẹn, mi ò mọ èyí tí màá ṣe: bóyá màá gbé e dìde ni, àbí màá kọ́kọ́ gbá a létí.